Aṣọ Ológun Ọmọ Mi Tí Mo Sá Síta

Wọ́n ti dá mi lẹ́jọ́ ikú. Ìyá àgbà tó ti rí ọmọ ọmọ, tó fi gbogbo ayé rẹ̀ fọ aṣọ fún èèyàn, ni wọ́n máa yẹgi fún. Ohun tó kù ni kí gómìnà fọwọ́ sí i. Àwọn obìnrin tí a jọ wà nínú ọgbà ẹ̀wọ̀n yìí máa ń fi ọkàn mi balẹ̀. Wọ́n á ní, "Ìyá, ẹ má bẹ̀rù, wọn kì í pa arúgbó." Èmi náà á dá wọn lóhùn pé Tíṣà, arúgbó ni òun náà.

Kíláàsì kẹrin ni mo ti fi ilé-ẹ̀kọ́ sílẹ̀. Bí ọ̀rọ̀ mi bá ń rìn bí ẹni tó ru omi, ẹ ní sùúrù fún mi, a máa débẹ̀. Mo fẹ́ kí ẹ mọ bó ṣe bẹ̀rẹ̀. Kò bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ìbọn tàbí ọ̀bẹ. Orí okùn tí mo ń sá aṣọ sí ló ti bẹ̀rẹ̀.

Alágbàfọ̀ ni mí, lẹ́yìn àdúgbò Challenge níbí ní Ìlọrin. Ìyá mi ló kọ́ mi níṣẹ́ náà nígbà tí a ṣì ń gbé lẹ́bàá Ọjà-Ọba. Ọkọ mi kú nígbà tí Gàníyù, ọmọ kan ṣoṣo tí mo bí, ṣì ń rákò. Aṣọ àwọn ará ọ́fíìsì, aṣọ nọ́ọ̀sì, aṣọ tíṣà ni mo ń fọ̀, tí mo ń fi sítáàṣì sí, tí mo ń lọ̀ títí yóò fi dúró gbagidi. Gbogbo alágbàfọ̀ ló ní àmì tó fi ń mọ aṣọ oníkálukú. Tèmi, òwú ni. Mo máa ń rán an sí abẹ́ ọrùn aṣọ níbi tí ojú ò ti lè tètè rí i. Ti Gàníyù, òwú pupa ni, mo sì máa ń rán an bí ẹsẹ̀ ẹyẹ. Kò sí aṣọ rẹ̀ kankan, láti kékeré, tí kò ní ẹsẹ̀ ẹyẹ pupa yẹn lábẹ́ ọrùn.

Ẹni tí mò ń pè ní Tíṣà, aládùúgbò mi ni. Ògiri kan ló wà láàárín wa. Ọmọ Ọ̀mù-Àrán ni, onígbàgbọ́ ni, àwa sì jẹ́ mùsùlùmí, ṣùgbọ́n ẹran Iléyá wa kì í jinná kó má dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, ìrẹsì Kérésì tirẹ̀ náà kì í sì í fò wá. Èmi ni mò ń fọ aṣọ rẹ̀. Gàníyù ló máa ń gbé e lọ fún un, bí bàálù bá sì ti kọjá lókè, ọmọ náà á dúró sójú títì pẹ̀lú aṣọ oníaṣọ lórí, á la ẹnu sílẹ̀.

Lọ́jọ́ kan Tíṣà pè mí láti ẹ̀yìn ògiri. "Ìyá Gàníyù, ọmọ yín ń wo òkè bí ẹni tí ewúrẹ́ rẹ̀ sọnù síbẹ̀."

"Ẹ bá mi nà án, Tíṣà! Ó fẹ́ da aṣọ àwọn èèyàn sínú ẹrọ̀fọ̀."

"N kò ní nà án. Ìṣirò ni màá kọ́ ọ. Ẹni tó bá máa wa bàálù gbọ́dọ̀ mọ ìṣirò."

Mo rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú mi. "Ọmọ alágbàfọ̀? Bàálù?"

"Bàálù ò bèèrè ọmọ ta ni, Ìyá. Ẹni tó bá mọ̀ ọ́n wà ló ń gbé."

Bẹ́ẹ̀ ló ṣe o. Ní ojoojúmọ́, bí wọ́n bá ti kírun ìrọ̀lẹ́ tán, Gàníyù á fo ògiri sí ọ̀dọ̀ Tíṣà. Ọkùnrin yẹn kò gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ mi rí. Òun ló gbọ́ nípa ilé-ẹ̀kọ́ àwọn ológun, òun ló mú un lọ ṣe ìdánwò, òun náà ló sì dúró níta nínú oòrùn títí ọmọ náà fi jáde. Ó wọlé! Nígbà tó yá, ó di ọmọ ogun òfúrufú, ó di ẹni tí wọ́n ń kọ́ ní bàálù.

Ẹ̀yin ọmọ, ẹ jẹ́ kí n sọ ọjọ́ tó kọ́kọ́ fò kọjá lórí ilé wa fún yín! Ó pè mí lórí fóònù. Ó ní, "Ìyá, lẹ́yìn ìrun ọ̀sán, ẹ jáde síta, kí ẹ kọjú sí ibi tí oòrùn ń wọ̀." Ṣé irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ ni èèyàn á gbọ́ kó dá jẹ ẹ́? Mo sọ fún gbogbo àdúgbò. Télọ̀ fi ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀ sílẹ̀, ìyá tó ń dín àkàrà gbé agbada rẹ̀ kúrò lórí iná, gbogbo wa tò sójú títì bí ẹni tó ń retí ọba. Àwọn kan ti ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́. "Ìyá Gàníyù, àbí orí kẹ̀kẹ́ ló ti ń bọ̀?"

Ni a bá gbọ́ ọ. Gbààà! Bàálù náà já lu orí wa, ó sún mọ́lẹ̀ débi pé mo rò pé yóò gbá aṣọ mi kúrò lórí okùn. Ó tẹ apá kan sísàlẹ̀, ó tẹ èkejì sísàlẹ̀, bí ọmọ tó ń kí ìyá rẹ̀. Gèlè mi ti bọ́, n kò mọ̀. Mò ń pariwo, "Ọmọ mi! Ọmọ mi nìyẹn o! Àlùhámúdúlílàhì!" Tíṣà wà láàárín títì, ó na ìka sókè, omijé ń dà lójú rẹ̀, ó ń ké, "Ìṣirò! Ẹ ò rí i? Ìṣirò nìyẹn!"

Láti ọjọ́ náà ni wọ́n ti ń pè mí ní Ìyá Éà Fọ́ọ̀sì. Gàníyù ń ga sí i. Bí ipò kan bá ti bọ́ sí i léjìká, kò ní pẹ́ tí òmíràn á tún dé. Ó di ẹni tó ń kọ́ àwọn mìíràn ní bàálù, ó di ọ̀gá lórí odidi ibùdó. Ó mú mi lọ sí bárékè wọn. Bí ọkọ̀ wa ṣe dé ẹnu géètì, ológun tó wà níbẹ̀ fi ẹsẹ̀ gbá ilẹ̀, ó kí wa bí wọ́n ṣe ń kí ara wọn. Ara mi yá gágá. Mo ní kí Gàníyù yí ọkọ̀ padà ká tún wọlé lẹ́ẹ̀kan sí i. Ó rò pé àwàdà ni mò ń ṣe.

Ó wá sílé ní Iléyá ọdún kan. Nígbà tó ń lọ, ó gbé aṣọ iṣẹ́ rẹ̀ kan tó ti ṣá fún mi. "Ìyá, ẹ bá mi sun èyí. A kì í fi í sílẹ̀ lọ́wọ́ aráàlú."

"Màá sun ún, ọkọ mi."

Mo dá iná o. N kò ní parọ́ fún yín. Ṣùgbọ́n mo wo aṣọ náà, èjìká nìkan ló ṣá. Òwú rẹ̀ ṣì le. Èmi tí mo ti ń fi ọwọ́ mi gba aṣọ là láti ọmọdé, ṣé màá ju irú aṣọ bẹ́ẹ̀ sínú iná? Mo fọ̀ ọ́. Mo fi sítáàṣì sí i. Ẹsẹ̀ ẹyẹ pupa tó wà lábẹ́ ọrùn rẹ̀ ti ń tú, mo sì tún un rán, nítorí pé bí ọwọ́ mi ṣe mọ iṣẹ́ nìyẹn. Mo wá sá a sí okùn iwájú ilé, lójú títì.

Lọ́jọ́ náà gan-an ni àwọn oníná gbé àkàsọ̀ dé. Wọ́n ń gé iná gbogbo àdúgbò. Ọ̀gá wọn rí aṣọ náà, ó dúró.

"Ìyá, ta ló ni aṣọ yìí?"

"Ọmọ mi ni."

"Ṣé ó wà nílé?"

Gàníyù wà lọ́nà jíjìn réré. Mo wo okùn iná mi, mo wo àkàsọ̀ wọn. Mo ní, "Ó ń sùn ní yàrá."

Hà! Ẹ bá wo bí ọkùnrin yẹn ṣe rẹ ohùn sílẹ̀! "Ẹ má jí wọn o, Ìyá. Ẹ bá wa kí wọn." Wọ́n gbé àkàsọ̀ lọ́wọ́, wọ́n ń fi ìka ẹsẹ̀ rìn bí olè. Nígbà tí wọ́n yí kọ́nà tán, gbogbo àdúgbò bú sẹ́rìn-ín, wọ́n pàtẹ́wọ́ fún mi. Irọ́ kékeré, ó dùn lẹ́nu bí oyin. Láti ìgbà náà, kò sí ọjọ́ Jímọ̀ọ̀ tí n kì í fọ aṣọ náà, tí n kì í sá a síta, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò sí ẹni tó wọ̀ ọ́ tó fi dọ̀tí.

Àbúrò mi obìnrin tó ti kú fi ọmọ kan sílẹ̀, Mudà. Àgbàlagbà ni, ó ní ìyàwó, ó ń wa ọkọ̀ ní Ọ̀fà Garage. Àwọn agbèrò gba ọkọ̀ rẹ̀ níbẹ̀ lọ́jọ́ kan, ó sáré wá bá mi.

"Mọ̀ọ́mì, ẹ yá mi ní aṣọ yẹn. Kíákíá ni màá dá a padà."

"Kí lo fẹ́ fi ṣe?"

"Kí n kàn wọ̀ ọ́ ni. N kò ní sọ̀rọ̀. Aṣọ náà á bá wọn sọ̀rọ̀."

Mo yá a. Kò pẹ́ tí mo fi gbọ́ tí fèrè ọkọ̀ rẹ̀ ń dún bọ̀ láti òkèèrè. Ó ti gbà á! Wọ́n tilẹ̀ ti fọ ọkọ̀ náà fún un! A jó lójúde ilé mi.

Ibẹ̀ ni ilẹ̀ ti yọ̀ lẹ́sẹ̀ mi. Àwọn èèyàn bẹ̀rẹ̀ sí í gbé ẹjọ́ wá. "Ìyá Ọ̀gá, ayálégbé mi ò fẹ́ kó jáde." "Ìyá Ọ̀gá, wọ́n da ìdọ̀tí sẹ́nu ọ̀nà mi." Màá ní kí wọ́n jókòó, màá gbọ́ tẹnu wọn, màá wá rán Mudà nínú aṣọ ọmọ mi. Kò sí ìpàdé àdúgbò tó ń bẹ̀rẹ̀ kí n tó dé. Èmi, alágbàfọ̀! Mo gbádùn rẹ̀ ju oúnjẹ lọ.

Ìyá kan wá fẹjọ́ káfíńtà kan sùn, pé ó fi ilẹ̀kùn òun falẹ̀. Mudà lọ. Ó gbá káfíńtà náà ní igi, ó dá a lápá. Tíṣà wà níbẹ̀, ó ń bọ̀ láti ṣọ́ọ̀ṣì, ojú rẹ̀ ló ṣe. Mudà kò sì sọ fún mi pé ẹnikẹ́ni rí òun.

Ọ̀sẹ̀ yẹn náà ni Gàníyù pè. "Ìyá! Wọ́n ti gbé mi ga! Éà Kọ́módò!"

Ẹni tí kò bá mọ̀, ipò ńlá ni. Àwọn tó ga jù ú lọ nínú iṣẹ́ wọn kò pọ̀. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í ké. Ó ní kí n dákẹ́, òun ò tíì sọ tán. Ó ní níbi ayẹyẹ wọn, èèyàn méjì ló máa ń fi àmì ipò tuntun sí ọ̀gá léjìká, ọ̀kan lọ́tùn-ún, ọ̀kan lósì. Ó ní òun ti gbàṣẹ lọ́wọ́ ọ̀gá òun. "Ẹ̀yin lẹ máa fi tọ̀tún sí i, Ìyá. Tíṣà á fi tòsì."

Mo sáré lọ sídìí ògiri, mo pe Tíṣà. Ó jáde pẹ̀lú ọṣẹ ìfárùngbọ̀n lójú. Mo sọ fún un, ọkùnrin náà sì kúnlẹ̀ sínú iyẹ̀pẹ̀, ó dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run rẹ̀. Nígbà tó dìde, kò rẹ́rìn-ín mọ́.

Ní ọjọ́ kejì, ó gba ẹnu ọ̀nà wá. Mò ń lọ aṣọ lọ́wọ́.

"Ìyá Gàníyù, Mudà ti dá káfíńtà kan lápá. Ojú mi ló ṣe. Aṣọ Gàníyù ló wọ̀."

"Mudà á lọ bẹ̀ ẹ́."

"Ó ti kọjá ẹ̀bẹ̀. Ẹ gbé aṣọ náà wá ká sun ún. Ká wá jọ sọ fún Gàníyù kí ọjọ́ ayẹyẹ tó pé."

"Ká sọ fún un kẹ̀? Ẹ fẹ́ ba ayọ̀ ọmọ mi jẹ́?"

"Bó bá gbọ́ ọ lẹ́nu ẹlòmíràn, wọ́n á ní òun ló rán Mudà níṣẹ́. Iṣẹ́ tó fi gbogbo ayé rẹ̀ ṣe á bàjẹ́. Ẹ jẹ́ kó gbọ́ ọ lẹ́nu wa, àwa tí a fẹ́ràn rẹ̀."

"Ẹ̀ ń jowú ni, Tíṣà. Èwo nínú àwọn ọmọ tiyín ló dà bíi tèmi?"

Ó ní, "Lọ́la mò ń lọ sí Ọ̀mù-Àrán lọ mú agbádá mi. Láti ibẹ̀ ni màá ti lọ sí Àbújá. Bí ẹ bá ti sọ fún un kí n tó débẹ̀, n kò ní lanu. Bí ẹ ò bá sọ, èmi á sọ. N kò lè fi ọwọ́ kan èjìká ọmọ yẹn pẹ̀lú irọ́ nínú."

Ẹ gbọ́ mi, ẹ̀yin ọmọ. Ọkùnrin yẹn ṣí ọ̀nà sílẹ̀ fún mi. Ìpè fóònù kan ṣoṣo ni. Ṣùgbọ́n mò ń wo ara mi níwájú gbogbo àwọn ọ̀gá ológun, tí ọwọ́ mi wà léjìká ọmọ mi. Mo mọ Gàníyù. Bó bá gbọ́, kò ní jẹ́ kí n débẹ̀. Ohun tí mò ń ṣọ́ kì í ṣe iṣẹ́ ọmọ mi o, bí mo tilẹ̀ ń sọ fún ara mi pé òun ni. Ògo tèmi ni.

Mo ránṣẹ́ pe Mudà. Mo sọ gbogbo rẹ̀ fún un. Mo ní Tíṣà kò gbọdọ̀ dé Àbújá.

"Kí n dẹ́rù bà á ni, Mọ̀ọ́mì?"

"Kì í bẹ̀rù."

Mudà wò mí títí. "Ṣé kí n pa á?"

Aṣọ nọ́ọ̀sì kan ló wà níwájú mi, mò ń lọ apá rẹ̀. N kò gbé orí sókè. Mo ní, "Bẹ́ẹ̀ ni."

Ọgbọ́n tí a fi mú un, èmi náà ni mo dá a. Mo di aṣọ náà sínú ọ̀rá fún Mudà. Ní Ọ̀fà Garage, níbi tí Tíṣà ti ń wá ọkọ̀, Mudà lọ bá a, ó dọ̀bálẹ̀. Ó ní, "Bàbá, Mọ̀ọ́mì ti gbà. Wọ́n ti pe Gàníyù. Aṣọ náà nìyí, wọ́n ní kí ẹ fọwọ́ ara yín sun ún. Ẹ wọlé, kí n gbé yín délé." Mudà sọ ní kóòtù pé ńṣe ni bàbá náà gba aṣọ náà, tó gbé e lé itan, tó ń rẹ́rìn-ín. Ó ní ó ń sọ lọ́nà pé, "Mo mọ̀ pé Ìyá Gàníyù á ṣe é. Èèyàn rere ni."

Wọn kò dé Ọ̀mù-Àrán. Inú igbó lẹ́bàá ọ̀nà ni ó pa á sí. Ó gba fóònù rẹ̀, ṣùgbọ́n kò lè gba aṣọ náà lọ́wọ́ rẹ̀. Tíṣà dì í mú pinpin. Àwọn àgbẹ̀ kan ń bọ̀, Mudà sì sá lọ.

Ó sọ fún mi pé ó ti parí. Kò sọ fún mi pé aṣọ náà kò bá òun padà.

Èmi wá lọ sí Àbújá! Mo wọ léèsì, mo wé gèlè. Ẹgbẹ́ olórin àwọn ológun ń fọn fèrè, ilẹ̀ ń mì. Wọ́n pe orúkọ ọmọ mi. Mo fi ipò náà sí i lọ́tùn-ún. Gàníyù ń wo ẹnu ọ̀nà.

"Tíṣà dà, Ìyá?"

"Ara rẹ̀ ò yá, ọmọ mi. Ó ní kí n bá òun fi sí i."

Mo fi ti òsì náà sí i. Wọ́n pàtẹ́wọ́. Inú mi dùn débi pé ó dà bíi kí n fò. Èmi tí mo ní kí wọ́n lọ pa èèyàn.

Lẹ́yìn ìyẹn ni àwọn ọmọ Tíṣà tó rí òkú bàbá wọn nílé ìwòsàn ìjọba. Ọlọ́pàá ní aṣọ ológun òfúrufú ló wà lọ́wọ́ rẹ̀, wọ́n sì ń bèèrè ẹni tó ni ín. Bí Gàníyù ṣe gbọ́ pé Tíṣà ti kú, ó ní kí wọ́n jẹ́ kí òun rí aṣọ náà. Ó yí ọrùn rẹ̀ síta.

Ojú ọ̀sán ló wọ ilé mi. Kò kí mi.

"Ìyá, aṣọ tí mo ní kí ẹ sun dà?"

"Mo ti sun ún, ọkọ mi. Ó ti pẹ́."

"Ta ló ń rán òwú pupa bí ẹsẹ̀ ẹyẹ ní gbogbo Ìlọrin yìí?"

Ó jókòó sórí ìdì aṣọ oníaṣọ, ọ̀gá ńlá yẹn, ó sunkún bí ìgbà tó wà ní kékeré. Lẹ́yìn náà ó nu ojú rẹ̀, ó fọwọ́ ara rẹ̀ pe ọlọ́pàá. Wọ́n mú Mudà ní garage. Ìdájọ́ kan náà ni wọ́n dá fún àwa méjèèjì.

Gàníyù wá wò mí níbí lẹ́ẹ̀kan. Bùbá àti ṣòkòtò lásán ló wọ̀. Wọ́dà tó wà lẹ́nu ọ̀nà bèèrè pé, "Ta lẹ jẹ́ sí i?" Ó ní, "Ọmọ rẹ̀ ni mí." Wọ́dà náà kò ka ọ̀rọ̀ rẹ̀ sí, ó ní kó lọ dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri. Ara mi gbóná. Kí n tó mọ̀, mo ti pariwo láti inú yàrá mi: "Ìwọ wọ́dà yìí, ṣé o mọ ẹni tí ò ń bá sọ̀rọ̀? Éà Kọ́módò nìyẹn o! Dìde fún un!"

Gàníyù yíjú sí mi. "Ìyá, ẹ dákẹ́. Mo ti fi iṣẹ́ sílẹ̀. Mo sọ fún wọn pé n kò lè máa ru ipò tí ẹ pa Tíṣà nítorí rẹ̀."

Ìgbà yẹn ni mo tó sunkún. Kóòtù kò pa mí lẹ́kún, okùn tí wọ́n máa fi yẹgi fún mi kò pa mí lẹ́kún. Mo rí i pé lẹ́yìn gbogbo rẹ̀, àìsàn fífi ògo ọmọ mi yangàn ṣì wà lára mi.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́, ẹ̀yin ọmọ mi, ẹ má tọ ọ̀nà tí mo tọ̀. Bí ẹni yín bá ga, ẹ bá a yọ̀, kí ẹ sì lọ sídìí iṣẹ́ yín. Ògo ẹlòmíràn, a kì í yá a wọ̀. Bí irọ́ kékeré bá dùn lẹ́nu yín, ẹ tú u dànù kó tó gbó nínú yín. Ju gbogbo rẹ̀ lọ, bí ẹnìkan bá wá sílé yín tó sọ òótọ́ fún yín lójú, tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ ta yín bí ata, ẹ má bínú sí i. Ẹ fún un ní àga kó jókòó, ẹ fún un lómi mu. Ẹni tó fẹ́ràn yín nìyẹn. Mo ní irú ẹni bẹ́ẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri mi fún ọ̀pọ̀lọpọ̀ ọdún, èmi ni mo sì ní kí wọ́n lọ pa á.